Iyọ̀ nìkan kọ́ ló ń so ẹrẹ̀ pọ̀

Ìbéèrè òǹkàwé kan:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ibi tí odò ti ń ṣàn wọ òkun ni mo ti ń bu omi fún iṣẹ́ ìwádìí mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bù ú, lójú kan náà. Nígbà àkọ́kọ́, òtútù mú, omi sì dúdú fún ẹrẹ̀. Nígbà kejì, oòrùn ti ń ràn dáadáa, omi sì ti ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Iyọ̀ inú méjèèjì dọ́gba, gíráàmù 28 nínú kílò omi kan. Síbẹ̀, ẹrẹ̀ ti àkọ́kọ́ rí wínníwínní, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì sì dì ní kókó kókó tí ojú lásán ń rí. Mo wá ṣe bí ìwé ìlànà ṣe wí: mo fi haidirójìn pẹ́rọ́sáìdì fọ ẹrẹ̀ méjèèjì, mo sì dà wọ́n padà sínú omi iyọ̀ kan náà. Ìyàtọ̀ bá pòórá! Ṣé mo ṣi nǹkan ṣe ni? Ṣebí iyọ̀ ni wọ́n kọ́ wa pé ó ń mú amọ̀ dì?"

Àbúrò mi, o ò ṣi nǹkan kan ṣe. Kódà, ọwọ́ ara rẹ lo fi dáhùn ìbéèrè rẹ lọ́jọ́ tí o da pẹ́rọ́sáìdì sí i, o kàn ò mọ̀ pé ìdáhùn lò ń wò ni. Iṣẹ́ pẹ́rọ́sáìdì ni kó jẹ ohun tó bá ti ara ẹ̀dá oníyè wá, kó fi hóró òkúta àti amọ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò. Lẹ́yìn tí o fọ̀ ọ́ tán, amọ̀ kan náà ló kù nínú ìgò méjèèjì, iyọ̀ kan náà lo sì dà lé wọn lórí. Kí ni ì bá tún mú wọn yàtọ̀? Ohun tó pòórá yẹn gan-an ló di ẹrẹ̀ rẹ ní kókó kókó.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ fún iyọ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, torí ìwé ò parọ́ fún yín. Hóró amọ̀ rí pẹlẹbẹ bí ewé ìwé, fífẹ̀ rẹ̀ kì í sì í sábà ju màíkírómítà 2 lọ (màíkírómítà 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan). Ojú rẹ̀ ní iná, irú èyí tí wọ́n ń fi àmì àyọkúrò sàmì sí lára bátìrì. Nínú omi tí kò níyọ̀, bí hóró méjì bá fẹ́ súnmọ́ra, iná ara wọn á ti lé wọn padà kí wọ́n tó fara kanra. Tí omi òkun bá wá wọlé, èérún iyọ̀ tó ní iná àròpọ̀ á rọ̀gbà yí hóró kọ̀ọ̀kan ká, ibi tí agbára ìléni náà ń dé á sì fún wọlé. Nígbà náà, hóró méjì tó bá forí gbárí á lè súnmọ́ra débi tí òòfà kékeré tó wà láàárín gbogbo nǹkan á fi mú wọn.

Iṣẹ́ yẹn kì í pẹ́ parí. Gíráàmù iyọ̀ mélòó kan nínú kílò omi kan ti tó láti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, bí o bá ń dá iyọ̀ sí i, díẹ̀ ló ń fi kún un. Omi tìrẹ ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́, nígbà àkọ́kọ́ àti nígbà kejì. Tún wò ó: ẹrẹ̀ máa ń dì nínú odò tí kò níyọ̀ rárá. Èyí nìkan ti tó láti mú wa fura pé ẹlòmíràn wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Iyọ̀ ń ṣílẹ̀kùn fún wọn láti pàdé. Okùn tí wọ́n fi ń so mọ́ra, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń hun ún.

Kí o tó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣírò yìí wò. Hóró amọ̀ kan ṣoṣo tó fẹ̀ ní màíkírómítà 2, bí omi bá tilẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 ló máa já wálẹ̀ lójúmọ́. Bí omi bá jìn ní mítà 10, ó ju oṣù kan lọ kó tó dé ìsàlẹ̀. Omi òkun wo ló ń dúró jẹ́ẹ́ fún oṣù kan? Ṣùgbọ́n ìdìpọ̀ ńlá lè máa já wálẹ̀ ní mìlímítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, mítà 10 yẹn ò sì ní gbà á tó wákàtí mẹ́ta. Láàárín ìkún omi kan sí ìfà rẹ̀, ó ti gúnlẹ̀. Bí ẹrẹ̀ ṣe dì ló ń pinnu bóyá ó máa wọ àárín agbami lọ tàbí ó máa dí ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi, bóyá ìmọ́lẹ̀ á ráyè wọnú omi, àti ibi tí májèlé tó bá lẹ̀ mọ́ hóró amọ̀ máa sùn sí.

Ó yá, ta ló ń hun okùn náà? Àwọn tó ń ṣe é pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: bakitéríà, àti dáyátọ̀mù, ìyẹn ewéko tíntìntín oníhóró kan tó ń gbé inú ẹ̀wù bíi dígí. Àwọn méjèèjì máa ń tú oje sí òde ara wọn, oje tó ń yọ̀ bí ipa ìgbín. Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣúgà tó so kọ́ra wọn ní ẹ̀wọ̀n gígùn gígùn.

Ìdí tí dáyátọ̀mù fi ń tu oje yìí dùn mọ́ mi púpọ̀, torí òun ló sọ ìgbà tí oje máa pọ̀. Nígbà tí oòrùn bá ràn, tí náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sì wà nínú omi, ewéko náà á máa fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ṣúgà, á máa fi ṣúgà kọ́ ara tuntun, á máa pín sí méjì. Nígbà tó bá yá, náítírójìn á tán. Ìmọ́lẹ̀ ò tán ní tirẹ̀, ṣúgà ṣì ń wọlé, ohun tí wọ́n á fi kọ́lé pẹ̀lú rẹ̀ ni kò sí mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ṣúgà náà á wá dà síta. Ìdí rẹ̀ nìyí tí oje fi ń pọ̀ jù nígbà tí ìrúwé inú omi, ìyẹn ìgbà tí ewéko tíntìntín wọ̀nyí ń pọ̀ sí i, bá ń lọ sópin, tí kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí àwọ̀ ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lo bu omi rẹ, tún lọ bù ú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ó ṣeé ṣe kí kókó tí o máa rí tóbi ju èyí lọ.

Ó yẹ kó o bi mí léèrè níbí yìí: oje yẹn náà ní iná àyọkúrò lára, amọ̀ ní tirẹ̀, báwo ni iná àyọkúrò méjì ṣe wá lẹ̀ mọ́ra? Káṣíọ̀mù àti magnésíọ̀mù ni alárinà. Èérún kọ̀ọ̀kan wọn ní iná àròpọ̀ méjì, bí ẹni tó nawọ́ méjì: ọ̀kan di amọ̀ mú, ìkejì di oje mú. Nínú kílò omi òkun kan, káṣíọ̀mù tó nǹkan bíi gíráàmù 0.4, magnésíọ̀mù sì lé díẹ̀ ní gíráàmù 1.2. Ṣé o rí i pé iyọ̀ tún gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé? Mi ò sọ pé kò sí níbẹ̀ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí kò bá sí oje, alárinà ò rẹ́ni tó máa mú wá síwájú amọ̀.

Bí o bá fẹ́ fojú ara rẹ rí i, wá aró kan tí wọ́n ń pè ní Alcian blue. Ṣúgà olómi kíkan inú oje yìí ni aró náà máa ń dì mọ́. Kọ́kọ́ wo ìdìpọ̀ kan láti inú omi ìgbà kejì lábẹ́ máíkírósíkóòpù kí o tó kán aró sí i. Wàá rí hóró amọ̀ tó fọ́n káàkiri, pẹ̀lú àlàfo mímọ́ gaara láàárín wọn, débi pé wàá máa rò ó pé kí ló so wọ́n pọ̀ tí wọ́n fi jọ ń rìn, nígbà tí wọn ò fara kanra. Wá kán aró sí i. Àlàfo yẹn á di búlúù. Fọ́nrán á yọ, awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á yọ, bí òwú aláǹtakùn tí ìrì sẹ̀ sí, hóró amọ̀ á sì há sínú rẹ̀ bí eṣinṣin. Wàá rí dáyátọ̀mù tó tò tẹ̀lé ara wọn, òmíràn ti kú, ẹ̀wù dígí rẹ̀ nìkan ló kù, bakitéríà sì ti kọ́lé sí i. Ọdún 1993 ni Alice Alldredge, Uta Passow àti Bruce Logan fi irú aró yìí fi hàn pé omi òkun kún fún àwọn èérún oje tí ojú kì í rí. TEP (transparent exopolymer particles) ni wọ́n sọ wọ́n. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Wọ́n kàn mọ́ gaara jù fún ẹnikẹ́ni láti kíyè sí ni.

Ohun tí o rí nínú ìgò rẹ, àwọn olùwádìí ti ń rí i lọ́dọọdún ní etíkun Bẹ́ljíọ̀mù, ní gúúsù Òkun Àríwá. Nígbà òtútù, ìdìpọ̀ kéré, ẹrẹ̀ sì pọ̀ lójú omi. Tí ìrúwé bá bẹ̀rẹ̀, oje á pọ̀, ìdìpọ̀ á tóbi, ẹrẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀, ojú omi á sì mọ́. Ìjì ìgbà òtútù náà lọ́wọ́ sí i, torí ó ń fọ́ ìdìpọ̀, ó sì ń gbọn ẹrẹ̀ dìde láti ìsàlẹ̀, nítorí náà má ṣe kó gbogbo rẹ̀ lé oje lórí. Ní agbègbè yẹn kan náà, ewéko kan tó ń jẹ́ Phaeocystis máa ń ṣù jọ sínú oje tirẹ̀ nígbà ìrúwé. Tó bá ń kú lọ, ìgbì á po oje náà di fóòmù, á sì wọ́ ọ gòkè sí etíkun bí òkìtì ọṣẹ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ títóbi, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olùwádìí ti ń ṣubú. Wọ́n á rí ìdìpọ̀ ńlá, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó máa yára rì. Bí hóró òkúta tíntìntín tó le bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ìyára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin, òótọ́ ni. Ìdìpọ̀ ẹrẹ̀ kì í ṣe òkúta. Nínú ìdìpọ̀ ńlá, omi nìkan lè ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bó ṣe ń tóbi ló ń kún fún ihò, tó bá sì fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ìyára rẹ̀ lè má ju ìlọ́po méjì náà lọ. Èyí tó tún yani lẹ́nu ni pé oje yẹn fúnra rẹ̀ fúyẹ́ ju omi òkun lọ. Bí kò bá rí hóró kankan gbé, òkè ló ń lọ! Amọ̀ ni ẹrù tó ń fà á wálẹ̀. Nítorí náà, oje púpọ̀ pẹ̀lú amọ̀ díẹ̀ lè fún ọ ní ìdìpọ̀ gbàǹgbà tó kàn ń rọ́ kiri láàárín omi bí ìyẹ́ ẹyẹ, nígbà tí oje díẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ púpọ̀ á fún ọ ní kókó kékeré tó ń já bí òkúta wẹ́wẹ́. Má wọn fífẹ̀ nìkan. Gbé ìgò síwájú ìmọ́lẹ̀, fi kámẹ́rà ka bí ó ṣe ń já wálẹ̀, kí o sì fi aago sí i.

Òye pé amọ̀ ni ẹrù yìí ti di ohun èlò. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ń fọ́n amọ̀ pupa rúsúrúsú sójú òkun ní Gúúsù Kòríà nígbà tí ewéko olóró bá rú, kí amọ̀ lè lẹ̀ mọ́ ewéko náà, kó sì fà á lọ sí ìsàlẹ̀ kó tó pa ẹja inú àgọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí epo rọ̀bì tú sínú Òkun Mẹ́síkò lọ́dún 2010 láti ibi ìgbẹ́po Deepwater Horizon: apá kan epo náà há sínú oje àti ìdìpọ̀, ó sì rì lọ bá ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun.

Ẹ̀dá oníyè tó ń so ẹrẹ̀ pọ̀ náà ló tún ń tú u. Bakitéríà tó ń ṣe oje ń jẹ oje pẹ̀lú, ìdìpọ̀ tó bá sì pẹ́ nínú omi lè rọ̀, kó já. Oje ewé jíjẹrà tó ń sọ omi odò mìíràn di pupa rúsúrúsú ò tilẹ̀ ń lẹ nǹkan pọ̀ nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré: ńṣe ló ń bo hóró amọ̀ lójú, tó ń fi kún iná àyọkúrò rẹ̀, tí hóró á túbọ̀ máa sá fún ara wọn. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn kí wọ́n kàn wọn gbogbo kábọ́ọ̀nù inú ẹrẹ̀ kí wọ́n sì pè é ní àtè. Irú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì.

Ìrugùdù omi náà ò gbọdọ̀ kẹ́yìn. Díẹ̀ rẹ̀ ń mú hóró pàdé, púpọ̀ rẹ̀ ń ya wọ́n. Ìdìpọ̀ kì í sábà lè tóbi ju ìyípo omi tó kéré jù lọ nínú ìrugùdù náà, tó lè wà láàárín ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan sí odindi mìlímítà kan. Oje ò lè pa òfin yìí rẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ìdìpọ̀ lè fà kó tó já. Èyí tí iyọ̀ nìkan dì, díẹ̀ báyìí ló ti fọ́.

Àwọn ẹranko, màá kàn fọwọ́ bà wọ́n. Eléèpo méjì bíi mọ́sẹ̀lì àti ọ́ísítà ń sẹ́ omi; ohun tí wọn ò bá fẹ́ jẹ nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n sẹ́, wọ́n á fi oje ara wọn wé e, wọ́n á sì tu ú sílẹ̀ láìgbé e mì. Ìgbẹ́ tí kò gba inú ikùn kọjá nìyẹn. Kópẹ́pọ́ọ̀dù, kòkòrò omi tí kò tó ẹyọ ìrẹsì kan, ń ya ìgbẹ́ tó ki, tó sì ń yára rì ju hóró tó jẹ lọ. Lórí ẹrẹ̀ tí omi bá fà kúrò lórí rẹ̀, dáyátọ̀mù máa ń gun òkè wá yá oòrùn lọ́sàn-án, ojú ẹrẹ̀ á pọ́n bíi wúrà tó ṣá, wọ́n á sì tún wọlẹ̀ kí omi tó padà dé. Oje tí wọ́n fi ń rìn ló ń lẹ ojú ilẹ̀ náà pọ̀, tí ìgbì kì í fi í tètè gbọ́n ọn. Níbi tí Corophium bá ti pọ̀, irú bíi Bay of Fundy ní Kánádà, ẹran omi kékeré yìí á jẹ dáyátọ̀mù náà, á gbẹ́ ihò, ẹrẹ̀ á sì tún rọrùn láti gbé. Nítorí náà, bí ẹrẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú omi rẹ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀ ìtòsí níjọ́ mélòó kan sẹ́yìn.

Kí o tó kọ ìwé rẹ, ìbéèrè méjì ni mo ní fún ọ. Èkíní: ìgbà wo nínú ìkún àti ìfà omi lo bù ú? Bó bá jẹ́ pé àárín ìṣàn líle lo bu ti àkọ́kọ́, tí o sì bu ti ìkejì nígbà tí omi dúró díẹ̀ kó tó yípadà, ìrugùdù nìkan lè fún ọ ní ìyàtọ̀ tó jọ ti oje. Ìkejì: kí lo fi fa omi náà? Nígbà tí mo wà ní ipò tí o wà yìí, gíláàsì ọlọ́nà tóóró ni mo fi ń fa ìdìpọ̀ sórí àwo, mo sì ba iṣẹ́ oṣù mẹ́rin jẹ́, torí ẹnu tóóró yẹn ti fọ́ gbogbo ìdìpọ̀ kí n tó rí wọn. Mo wá ń kọ ọ́ sílẹ̀ tìgboyàtìgboyà pé ìdìpọ̀ inú omi wa ò tóbi. Lo ohun tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, fà á jẹ́jẹ́, má ṣe fi sínú yìnyín, kí o sì wò ó láàárín wákàtí díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, má ṣe dúró lórí ìgò méjì. Ṣe mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ẹrẹ̀ bí o ṣe bù ú. Ìkejì, èyí tí o fi pẹ́rọ́sáìdì fọ̀. Ìkẹta, èyí tí o fọ̀, ṣùgbọ́n tí o dá oje padà sí: xanthan gum, oje bakitéríà kan tí wọ́n ń tà ní lẹ́búlẹ́bú, ni ọ̀pọ̀ ń lò fún èyí. Díẹ̀ báyìí ni o, nítorí bí oje bá pọ̀ jù, omi fúnra rẹ̀ á ki, gbogbo ìṣirò rẹ á sì dàrú. Rí i pé pẹ́rọ́sáìdì ti kúrò pátápátá kó o tó dá oje sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á tún jẹ ìyẹn náà. Po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìyára kan náà, fún àkókò kan náà, nínú omi iyọ̀ kan náà. Bí ìgò kẹta bá tún dì ní kókó, kọ ọ́ síbẹ̀ pé iyọ̀ ò yí padà, amọ̀ ò yí padà, oje nìkan lo mú kúrò, òun nìkan lo sì dá padà.